Bí A Ṣe Ń Dá Olú Ife Mọ̀ Lábẹ́ Igi ní Huntstown

Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹrin, nígbà tí òtútù ti gbọn gbogbo ewé dànù lórí igi ní Dublin, olú kékeré kan wà tí kò bẹ̀rù òtútù. Ara ẹ̀ka igi tó ti ṣubú ló ti ń hù. Ó ṣí sókè bí ife, inú rẹ̀ pupa fòò, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣì, ó fẹ́ẹ̀ funfun. Ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ lè rí i létí ọ̀nà, kó ké pe ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, kí nìyí?" Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé, a ó sì fi ẹ̀sọ̀ ṣe é, torí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Huntstown tí mò ń sọ ni ti Dublin 15, lẹ́bàá Hartstown àti Clonsilla, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Fingal, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé. Ilẹ̀ oko ni gbogbo ibẹ̀ kó tó di àdúgbò. Ní agbègbè náà, ẹ ṣì lè rí ọ̀wọ́ igi tí àwọn àgbẹ̀ fi ṣe ààlà oko wọn láyé ijọ́un, tó dúró láàárín ilé àti ilé, lẹ́yìn pápá ìṣeré, létí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí apá gúúsù, ẹ ó kan odò àfọwọ́gbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Royal Canal. Láàárín Castleknock àti Clonsilla, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn wọ inú àpáta, igi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ẹ̀ka tó ṣubú ń jẹrà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń kó o. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni olú ife ń fẹ́. Ẹni tó bá ń wá a kò nílò igbó kìjikìji. Ibi tí wọn kì í ti gbálẹ̀ lẹ́yìn igi ló nílò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ṣáájú: ẹ̀kọ́ dídámọ̀ ni èyí, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọbẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àwọn olú tí n ó dárúkọ tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sẹ́nu.

Ohun tí ojú ń rí tí a ń pè ní olú kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀. Èso rẹ̀ ni. Ara rẹ̀ gan-an jẹ́ fọ́nrán tín-ín-tìn-tín tó ti ta káàkiri inú igi, tó ń jẹ igi náà díẹ̀díẹ̀. Bí àkókò bá tó ló ń yọ èso síta kó lè fọ́n irúgbìn rẹ̀ ká. Nílé, olú tí a mọ̀ jù ni èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan tó sì ní agboorùn lórí, irú èyí tó ń hù nídìí ọ̀gán nígbà òjò. Ọ̀mọ̀wé Oso kọ nípa wọn nínú ìwé àtìgbàdégbà Mycologia lọ́dún 1975, ó sì fi hàn pé Yorùbá ní orúkọ fún ọ̀kan-ò-jọ̀kan wọn, pé wọ́n ń jẹ wọ́n, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe oògùn. Abẹ́ agboorùn yẹn ni irúgbìn tiwọn ń gbé. Ti olú ife yàtọ̀. Inú ife gan-an, ojú tó kọ sókè, ni irúgbìn wà. Àwọn àpò tóóró tóóró ló tò síbẹ̀, àìmọye wọn, irúgbìn mẹ́jọ sì sábà máa ń wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Nínú olú pupa wa yìí, àpò kọ̀ọ̀kan ní ìdérí. Bí omi inú rẹ̀ bá ti tì í tó, ìdérí á ṣí, irúgbìn á sì ta jáde.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ mí èémí sínú ife tó ti gbó, ẹ sì dúró díẹ̀. Nígbà míràn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò á yìn lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì rú jáde. Irúgbìn ni èéfín yẹn. Mo fẹ́ràn kí àwọn ọmọdé rí èyí kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ kankan, torí ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ tí ife náà ń ṣe kò ní béèrè mọ́ pé kí ló dé tó fi ṣí sókè.

Ó wá ku dídá a mọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bi olú ni pé, "Orí kí lo ti hù?" Mo mọ̀ pé àwọ̀ ló ń kọ́kọ́ gba ojú ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ń ṣá, òjò ń fọ̀ ọ́, fóònù sì lè ya pupa kó di àwọ̀ ọsàn. Ohun tí olú ń jẹ kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì ya fọ́tò. Ẹ fi ìka rọra ṣí ewé gbígbẹ àti ewéko múlọ́múlọ́ tó bo ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ kékeré kan tó lọ bá ẹ̀ka tó ti kú lábẹ́ ilẹ̀, olú orí igi ni, bó tilẹ̀ dà bíi pé inú ilẹ̀ ló ti jáde. Níbí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ti máa ń ṣìnà jù: wọ́n á kọ "orí ilẹ̀" sínú ìwé wọn nígbà tí igi wà lábẹ́ tí wọn ò tú wò, ẹni tó bá sì ka ìwé náà lẹ́yìn ọ̀la á gba ọ̀nà tí kò yẹ.

Bí ẹ bá ti rí igi náà, ẹ tún bi í pé igi wo ni. Olú pupa yìí kì í bá igi tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ ṣe. Igi eléwé pẹlẹbẹ ló ń fẹ́, hazel, willow, blackthorn, elm àti sycamore. Èèpo ẹ̀ka tó ti jẹrà ṣòro láti mọ̀, èyí kò sì dójú ti ẹnikẹ́ni. Ẹ wo igi tó dúró lókè orí yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere pé igi tó wà nítòsí ni, pé ẹ ò mọ ti ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó sọ ibi tí ìmọ̀ ẹni tó kọ ọ́ dé wúlò ju èyí tó ṣe bíi pé òun mọ gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ ó rí ìdí tí ìbéèrè yìí fi ṣáájú bí ẹ bá pàdé Aleuria aurantia, tí wọ́n ń pè ní orange peel fungus. Òun náà jẹ́ ife, òun náà mọ́lẹ̀ yòò láti òkèèrè, nínú fọ́tò tí kò dára ẹ lè má mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti pupa. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ló ń gbé, pàápàá ilẹ̀ tí wọ́n ti tú, etí ọ̀nà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí, ibi tí ọkọ̀ ti fi táyà ha ilẹ̀. Kò ní ẹsẹ̀ tó ṣeé rí, ó sì lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Àsìkò rẹ̀ tún yàtọ̀: láti ìparí ìgbà ooru títí di ìgbà tí ewé ń wọ́. Ẹni tó bá béèrè orí ohun tó ti hù àti oṣù tó wà, á ti dá àwọn méjèèjì mọ̀ kó tó kan ọ̀rọ̀ àwọ̀ rárá.

Àwọn kéékèèké míràn wà tí a kò ní pẹ́ lórí wọn. Bí ohun pupa náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tí irun dúdú sì yí etí rẹ̀ ká bí ìpéǹpéjú, Scutellinia ni. Igi tó rin gbingbin tàbí ilẹ̀ ẹrẹ̀ ló ń fẹ́, irú rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí àwọn ohun pupa-rẹ́súrẹ́sú kéékèèké nínú èérún igi tí wọ́n dà sí ìdí òdòdó níwájú ilé, tí ife kọ̀ọ̀kan sì ní ohun bí ẹyin pẹlẹbẹ nínú, Cyathus ni, tàbí ìbátan rẹ̀. Ìyẹn kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ìyá olú ife. Ìdílé àwọn olú alágboorùn ló ti wá. Òjò ló ń bá a ṣiṣẹ́: bí ẹ̀kán omi bá bọ́ sínú rẹ̀, "ẹyin" á fò jáde, á sì lọ bọ́ síbòmíràn. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ìrísí ife nìkan kò sọ ìdílé.

Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀. Rúlà kékeré, ìwé àti pẹ́ńsùlù, àti awò ọwọ́ tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ọ̀nà tí à ń gbà lo awò yìí ṣe pàtàkì: ẹ gbé awò sún mọ́ ojú yín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú, kí ẹ wá gbé olú wá bá awò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe é lódìkejì, wọ́n á na awò jìnnà sí ojú, wọn ò sì ní rí ju ohun tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀.

Ó dáa. Ẹ ti rí i pé orí igi ló wà, pé inú oṣù Kejì ni, pé inú rẹ̀ pupa fòò láìní irun dúdú létí, pé ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta, pé ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ funfun nítorí irun múlọ́múlọ́ tó bò ó. Ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé Sarcoscypha ni, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní scarlet elf cup. Ọ̀pọ̀ ìwé á ní kí ẹ kọ Sarcoscypha coccinea sílẹ̀, kí ẹ máa lọ ilé. Ẹ dúró ná.

Fún ìgbà pípẹ́, orúkọ kan ṣoṣo yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù ń fún gbogbo ife pupa irú èyí. Lọ́dún 1984, Hans-Otto Baral, onímọ̀ olú ará Jámánì, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n. Méjì nínú wọn wà ní Írẹ́lándì: Sarcoscypha coccinea àti Sarcoscypha austriaca. Àwọ̀ wọn jọ, ìwọ̀n wọn jọ, àsìkò wọn jọ. Ara ẹ̀yìn ife ni ìyàtọ̀ wà. Bí ẹ bá fi abẹ fẹ́lẹ́ ré díẹ̀ nínú irun ẹ̀yìn yẹn, tí ẹ fi sínú ẹ̀kán omi lábẹ́ máíkírósíkóòpù, irun coccinea á gún tàbí kó tẹ̀ díẹ̀, ti austriaca á ká kọ́ọ̀kọ́ọ̀, á lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ tún wo irúgbìn wọn, tí gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan: ẹnu méjèèjì ti coccinea rí roboto, ti austriaca sì sábà máa ń tẹ́ bí ẹni pé wọ́n gé e. Bí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín bá ní máíkírósíkóòpù, iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni èyí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá sì lè ṣe é bí olùkọ́ bá dúró tì í.

Ẹni tí kò bá ní máíkírósíkóòpù ńkọ́? Kó kọ Sarcoscypha, kó fi síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń wu ènìyàn kí orúkọ rẹ̀ pé, kó ní ọ̀rọ̀ méjì bíi ti inú ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì yẹn, ẹ̀rí ló ń ra á. Ìtàn olú ife míràn wà tó mú kí n máa tẹnu mọ́ èyí, òun náà sì wà ní Dublin.

Ní nǹkan bí ọdún 1992, àwọn igi ash ní Pólándì bẹ̀rẹ̀ sí kú láti orí wá. Lọ́dún 2006, Tadeusz Kowalski sọ olú tó ń pa wọ́n lórúkọ, Chalara fraxinea, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ tó mọ̀ nígbà náà kò ní ife rárá. Lọ́dún 2009, òun àti Ottmar Holdenrieder wá rí ife rẹ̀: ife funfun kékeré, ẹlẹ́sẹ̀ kan, tó ń hù lórí ọ̀pá àárín ewé ash tó ti já bọ́ sílẹ̀. Wọ́n wò ó, ó jọ Hymenoscyphus albidus láìkù síbì kan. Orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn. Albidus yìí ni Yúróòpù ti mọ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ewé òkú ló ń jẹ, kò sì pa igi kankan rí. Báwo wá ni aládùúgbò tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi látọjọ́ yìí ṣe di apanirun lójijì?

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Nígbà tí Valentin Queloz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland fi DNA wọn wéra, ó hàn pé olú méjì ni. Apanirun náà kì í ṣe albidus. Àjèjì tó jọ ọ́ ni. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ tún fi hàn pé olú kan tí wọ́n ti mọ̀ lórí ewé igi ash ti ilẹ̀ Japan, Fraxinus mandshurica, òun gan-an ni. Lọ́hùn-ún, igi àti olú ti mọ ara wọn látayébáyé, olú kì í sì í pa igi níbẹ̀ bó ṣe ń pa á ní Yúróòpù. Lọ́dún 2014, Baral kan náà tó ya ife pupa sọ́tọ̀, pẹ̀lú Queloz àti Tsuyoshi Hosoya, tún orúkọ rẹ̀ ṣe, ó di Hymenoscyphus fraxineus. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbówọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ náà ló wo ife kékeré yẹn tí ìrísí rẹ̀ tàn wọ́n jẹ. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ohun tí ojú lè rí ni wọ́n sọ.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti wọ Írẹ́lándì, ní Leitrim, lára igi kéékèèké tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun. Ó ti dé gbogbo ìpínlẹ̀ báyìí. Atẹ́gùn ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ láti inú ife lọ sórí ewé tútù, láti ewé ó ń gba ọ̀pá ewé wọ ẹ̀ka. Ó dun àwọn ará Írẹ́lándì wọra, torí igi ash ni wọ́n fi ń gbẹ́ camán, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù hurling, eré ìbílẹ̀ wọn tí àwọn ọmọ wa náà ń gbá báyìí nílé ìwé. Bí ẹ bá rí igi lẹ́bàá ọ̀nà ní Dublin 15 tí orí rẹ̀ ti pá nínú oṣù Keje nígbà tí gbogbo igi yòókù wà ní ewé, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ ṣa ọ̀pá ewé ti ọdún tó kọjá, èyí tó ti dúdú láti òkè délẹ̀. Bí àsìkò bá bọ́ sí i, ẹ ó rí àwọn ife funfun náà lórí rẹ̀, tí wọn kò ju mìlímítà méjì sí méje lọ. Níbi tí albidus bá wà, dúdú yẹn kì í gba gbogbo ọ̀pá. Apá kan ló máa ń gbà. Atọ́ka tó dára ni, ṣùgbọ́n kò tó ẹ̀rí. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ìdí àpò irúgbìn fraxineus ní ìkọ́ kékeré, ti albidus kò ní. Ẹ má kó ewé náà lọ síbòmíràn, ẹ sì nu ẹrẹ̀ bàtà yín kí ẹ tó wọ igbó mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òtútù ilẹ̀ òyìnbó nìkan ló ń bí olú ife. Ìdílé Sarcoscyphaceae tí ife pupa ti wá ní àwọn ọmọ nínú igbó ilẹ̀ olóoru káàkiri ayé, títí kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Cookeina ni wọ́n ń pe irú kan nínú wọn: ife tó dúró lórí ẹsẹ̀ gígùn, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn, tó ń hù lórí igi tó wó nígbà òjò. Cookeina tricholoma ní irun gígùn lára. Àwọn ọmọ tó bá fi ife pupa kọ́ṣẹ́ ní Huntstown lè bi Cookeina ní ìbéèrè kan náà bí wọ́n bá lọ kí bàbá àgbà nílé: orí kí lo ti hù, oṣù wo nìyí, kí ló wà létí rẹ, kí ló wà lẹ́yìn rẹ.

Nípa àkọsílẹ̀, bí ife bá pọ̀ níbì kan, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ kó fọ́n irúgbìn rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò inú, ẹ̀yìn, ìdí àti igi tó wà lókè, kí rúlà hàn nínú ọ̀kan. Ẹ fi ẹyọ tí ẹ mú síbi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń fẹ́ díẹ̀ títí á fi gbẹ kangbọ́n, kí ẹ wá fi sínú àpòòwé. Irun ẹ̀yìn àti irúgbìn rẹ̀ ṣì ṣeé yẹ̀ wò lẹ́yìn tó bá ti gbẹ. Lára àpòòwé, ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti rí i gan-an, ohun tó hù lé lórí, igi tó wà nítòsí, bó ṣe fẹ̀ tó, àwọ̀ rẹ̀ nígbà tó tutù, àti orúkọ ẹni tó rí i. Ibùdó National Biodiversity Data Centre ní Waterford ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ará ìlú, ọgbà National Botanic Gardens ní Glasnevin, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1795, sì ní ilé ìpamọ́ tí wọ́n ń kó àwọn ewéko àti olú gbígbẹ sí. Ẹ kọ Sarcoscypha bí awò ọwọ́ nìkan lẹ ní. Bí ẹnì kan bá yẹ irun rẹ̀ wò lẹ́yìn náà, yóò fi ọ̀rọ̀ kejì kún un, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣe é.